Fàráńdà Tí Roqeebah Yà fún Bàbá Àtàndá

Bí ẹ bá pe Roqeebah ní akítẹ́ẹ̀tì, yóò dá yín lóhùn, àmọ́ yóò kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ yín ṣe. "Ayàwòrán ilé ni mí o," ni yóò wí, "akítẹ́ẹ̀tì kàwé jù mí lọ." Poli Ẹdẹ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, ìdí tábìlì kan nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ló sì ti ń jẹun. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí, ẹnu rẹ̀ a máa mú ju abẹ lọ. Ohun tó máa ń bí i nínú jù ni àwọn oníbàárà tó ń gbé àwòrán ilé ẹlòmíràn wá pé kó dà á kọ fún àwọn. Ilé orí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa gbé wá, orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilẹ̀ tiwọn máa wà. Bó bá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wá wo ilẹ̀ náà, wọ́n á bi í pé kí ló fẹ́ wò lára ilẹ̀, ṣé gbogbo ilẹ̀ kọ́ ni ilẹ̀ ni? Ìgbà tí àgbàrá bá ya wọ pálọ̀ ni wọ́n máa ń rántí rẹ̀.

Òun náà mọ ohun tí àgbàrá ń ṣe. Sekona ni wọ́n bí i sí, nínú ilé kan tí bàbá bàbá rẹ̀ kọ́, tó kọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sí ibi tí omi ti ń bọ̀. Gbogbo ìgbà òjò ni ìyá rẹ̀ máa ń kó ẹní sórí tábìlì. Bóyá ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Abdulmujeeb, ọkọ rẹ̀ tó ń tún fóònù ṣe, máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé bí òun bá mú un lọ síbi ìsọmọlórúkọ, kì í wo ọmọ, ibi tí ilẹ̀ ti dà ló máa ń wò.

Lọ́jọ́ tí Àtinúkẹ́ wá, kò gbé àwòrán ẹnikẹ́ni dání. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó nu eruku ojú, ó jókòó kí ẹnikẹ́ni tó fi àga lọ̀ ọ́. Abọ́ àti ike ló ń tà lọ́jà, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọ̀rọ̀ kì í sì í há a lọ́fun. Lọ́jọ́ náà, etí ìró rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ká.

"Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni," ló wí nígbà tó yá. "Mo fẹ́ kí o bá mi ya fàráńdà kan síwájú ilé wọn."

"Ṣé wọ́n fẹ́ máa gba atẹ́gùn ni, Àǹtí?"

"Wọ́n fẹ́ máa jáde ni."

Dẹ́rẹ́bà lọ́rì ni bàbá rẹ̀ yìí, Bàbá Àtàndá, nígbà tí ara rẹ̀ le. Ó kó iṣu, ó kó obì, ó rin ọ̀nà Kánò títí tó fi ń fi èdè Hausa lá àlá. Nígbà tí ogbó dé, eékún rẹ̀ méjèèjì kọ̀ fún un. Kì í ṣe pé kò lè rìn. Bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ á gbé e dé ibi tó bá ń lọ. Àtẹ̀gùn ni ọ̀tá rẹ̀. Etí ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí odò Ọ̀ṣun ni ilé rẹ̀ sì wà, ẹnu ọ̀nà ga, àtẹ̀gùn ibẹ̀ dúró ṣánṣán, kò sí ohun tí èèyàn lè dì mú.

Fún ìgbà díẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ máa ń gbé e sọ̀kalẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ kó lè lọ kírun. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, bí wọ́n ti gbé e dé ìdajì àtẹ̀gùn, ó ní kí wọ́n dúró, kí wọ́n gbé òun padà sínú ilé. Wọ́n bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gbé ọkùnrin jáde nínú ilé rẹ̀. Tèmi ò tíì yá." Láti ọjọ́ náà ló ti ń kírun ní yàrá.

"Ẹni tó wa ọkọ̀ dé Kánò," ni Àtinúkẹ́ wí, "wọn ò lè dé mọ́sáláṣí tí a ti ń gbọ́ ohùn ládàánì láti orí bẹ́ẹ̀dì. Wọn ò bá wa sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́, Roqeebah. Kí wọ́n ṣáà lè fi ẹsẹ̀ ara wọn jáde nílé, n kò fẹ́ ju ìyẹn lọ."

Àánú wọn ṣe Roqeebah. Ó mú téèpù rẹ̀, ó pe Teslim, bíríkìlà tí wọ́n jọ máa ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì gba ibẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n dé ilé náà, Roqeebah kò wọlé. Ó kọjá sí òdìkejì ọ̀nà, ó dúró wo ilé náà bí ẹni tó fẹ́ rà á. Ilé búlọ́ọ̀kù ni, wọn ò rẹ́ ẹ, èèyàn lè ka ìlà búlọ́ọ̀kù lára ògiri rẹ̀. Ọ̀nà gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó gòkè lọ sí mọ́sáláṣí níhà ọ̀tún, ó sì dà lọ sí odò níhà òsì. Ó ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù. Bó ti ń yà á ni èrò kan sọ sí i lọ́kàn. Ìhà odò ni ẹnu ọ̀nà wà, ìdí nìyẹn tí àtẹ̀gùn fi ga. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń gòkè bọ̀ níhà mọ́sáláṣí. Bí wọ́n bá na fàráńdà láti ẹnu ọ̀nà dé ìkángun ilé lókè, kí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ rẹ̀ sì ṣe déédéé pẹ̀lú ti inú ilé, ó ṣeé ṣe kí fàráńdà àti ojú ilẹ̀ pàdé níbẹ̀. Bàbá á kàn jáde láti yàrá, á rìn gba orí fàráńdà, á sì bọ́ sójú ọ̀nà láìsọ̀kalẹ̀ lórí ohunkóhun.

"Ìyẹn bí ilẹ̀ ọ̀hún bá ga tó o," ni Teslim wí nígbà tó sọ ọ́ fún un.

"Ohun tí a wá wọ̀n nìyẹn."

Rọ́bà olómi ni wọ́n fi ń wọn irú rẹ̀, rọ́bà gígùn tó mọ́ gaara, tí wọ́n rọ omi sí. Wọ́n á fi àmì sára férémù ilẹ̀kùn ní ọ̀gangan ìbàdí, ẹnì kan á gbé ẹnu rọ́bà kan síbẹ̀, ẹnì kejì á gbé ẹnu kejì lọ síbi tí wọ́n fẹ́ wọ̀n. Bí omi bá ti dúró sójú àmì lọ́hùn-ún, ibi tó bá dúró sí níhìn-ín ni wọ́n á fàlà sí, torí omi inú rọ́bà kì í ga níbì kan kó relẹ̀ níbì kejì. Láti ojú ìlà yẹn ni wọ́n á ti fi téèpù wọ̀n ọ́n wá sílẹ̀.

Bàbá Àtàndá gbọ́ ohùn wọn láti inú yàrá, ó sì tẹ ọ̀pá jáde dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ gbé ẹnu rọ́bà yẹn fún mi," ó ní. "Ilé mi ni. Èmi ni màá dì í mú."

Teslim fi àga lọ̀ ọ́, kò gbà. Teslim wá dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà yẹ̀. Roqeebah gbé ẹnu kejì lọ síhà odò, ó fàlà níbẹ̀, ó wá gbé e kọjá lọ síhà òkè.

Àsìkò yìí ni àwọn ará àdúgbò rí i pé bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fojú kàn án gbẹ̀yìn. Oníkẹ̀kẹ́ kan dúró sáàárín ọ̀nà, kò náání èrò tó gbé sẹ́yìn. Àwọn obìnrin tó ru ẹrù kúnlẹ̀ tẹrùtẹrù. Jacob káfíńtà fi ayùn sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lódìkejì, ó dọ̀bálẹ̀ láàárín èépá pákó.

"Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ó tó ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ mi. Àwọn ará ilé ńkọ́?"

"A ò rí yín mọ́, Bàbá."

"Mo wà. Ẹ óò máa rí mi, bí Ọlọ́run bá fẹ́."

Roqeebah ń gbọ́ wọn láti òkè, inú rẹ̀ ń dùn, àmọ́ ojú omi ló tẹjú mọ́. "Bàbá, ṣé ó ti dé ojú àmì?" ló ké bi í. Bàbá ní ó ti dé. Roqeebah fàlà, ó wọ̀n ọ́n dé ilẹ̀, ó kọ nọ́ńbà náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, wọ́n sì lọ.

Kí ẹ lè mọ ohun tó fẹ́ yà, àwòrán ojú ilé kì í ṣe puláànù. Puláànù ni ohun tí ẹyẹ máa rí bó bá fò kọjá lórí ilé tí kò ní òrùlé. Àwòrán ojú ilé ni ohun tí èèyàn máa rí bó bá dúró sójú ọ̀nà. Puláànù lè bo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mọ́lẹ̀. Àwòrán ojú ilé kò lè ṣe é, bó bá jẹ́ olóòótọ́. Roqeebah lè fi kọ̀ǹpútà yà á, ṣùgbọ́n pẹ́ńsù àti pépà fífẹ̀ ló lò, torí ó fẹ́ kí bàbá lè gbé e dání. Ó fa ilẹ̀ẹ́lẹ̀ fàráńdà gbọọrọ, ó kó òpó sábẹ́ rẹ̀ níhà odò, ó to òpó òrùlé sórí rẹ̀, ó wá fa ojú ilẹ̀ gòkè bọ̀ bí nọ́ńbà ti wí. Ìlà méjèèjì kò pàdé. Ó pa á rẹ́, ó tún un fà, wọn ò pàdé. Níhà òkè tó gbójú lé, ilẹ̀ ṣì jìn sísàlẹ̀ débi pé àfi kó fi àtẹ̀gùn sí i. Ó yà á tìbànújẹ́-tìbànújẹ́, ó fi irin sí i lọ́tùn-ún lósì, ó sì ń tan ara rẹ̀ pé ìyẹn á ṣe é.

Bàbá gba pépà náà, ó wọ jígí ojú. Inú rẹ̀ dùn láti rí ilé rẹ̀ nínú àwòrán. Ó gbé ìka lé ẹnu ọ̀nà, ó ń tọ fàráńdà náà lọ díẹ̀díẹ̀, ó rọra ń kọjá òpó kọ̀ọ̀kan, títí tó fi dé ìkángun rẹ̀ lókè. Ìka náà dúró.

"Kí lèyí?"

"Àtẹ̀gùn ni, Bàbá. Kò pọ̀. Irin sì wà tí ẹ óò máa dì mú."

"Ọwọ́ á di irin mú, ọmọ mi. Ta ni yóò bá mi ká eékún?"

Kò bínú. Ó ká pépà náà jẹ́jẹ́, ó gbàdúrà fún Roqeebah pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ní bàjẹ́, ó ní kí Àtinúkẹ́ má wulẹ̀ dààmú mọ́. Ó wá ní kí wọ́n yí àga òun padà, kó má kọjú sí fèrèsé mọ́. Ìyẹn ló dun Roqeebah jù. Omi lé ròrò lójú rẹ̀ bó ti ń jáde, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ́ àwòrán náà sórí tábìlì, ó gbé fọ́tò inú fóònù rẹ̀ tì í, ó ń wò wọ́n láìmọ ohun tó ń wá. Grace, tó ni ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì, ń kọjá lọ mú ìwé, ó yọjú wò ó.

"Èwo nínú ilé méjèèjì ni wọ́n fẹ́ kọ́?" ló bi í.

"Ilé méjì wo? Ilé kan náà ni."

"Èyí tó jókòó sílẹ̀ dáadáa yìí, àti èyí tó káṣọ sókè bí ẹni tó fẹ́ la odò kọjá yìí?" Grace rẹ́rìn-ín, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Roqeebah mú kí fọ́tò náà tóbi sí i. Ó ka ìlà búlọ́ọ̀kù lára ògiri. Níhà òkè, kò ju ìdajì búlọ́ọ̀kù kan lọ tó wà láàárín ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé àti ojú ilẹ̀. Nínú àwòrán tirẹ̀, odidi búlọ́ọ̀kù méjì ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó dúró lódìkejì ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti rí òótọ́, nọ́ńbà àtẹ́lẹwọ́ ló wá gbà gbọ́. Ó pe Teslim lórí fóònù.

"Lọ́jọ́ tí a wọn ilé Bàbá Àtàndá, kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo wà lókè?"

"Kò sí nǹkan kan. Wọ́n ń dá àwọn tó ń kí wọn lóhùn ni."

"Ìyẹn ni mo gbọ́. Ọwọ́ wọn ńkọ́?"

"Ọwọ́ kan wà lórí ọ̀pá. Èyí tó di rọ́bà mú ni wọ́n ń nà sókè sí àwọn èèyàn."

"Tòun ti rọ́bà?"

"Tòun ti rọ́bà."

"O rí i, o ò sì sọ̀rọ̀."

"Kí n sọ kí ni? Kí n ní kí Bàbá má juwọ́ sí ẹni tó ń kí wọn? Roqeebah, o ò rí ojú wọn lọ́jọ́ náà. Ká ní o rí i ni, ìwọ náà ò ní lè sọ ọ́."

Gbogbo rẹ̀ wá yé e. Bí bàbá ti ń na rọ́bà sókè lẹ́nu ọ̀nà láìwo àmì ni omi ń gòkè lọ́dọ̀ tirẹ̀, ìlà tó fà ga ju bó ṣe yẹ lọ, ilẹ̀ wá dà bí ẹni pé ó jìn. Ó fẹ́ bínú sí Teslim, kò rí i ṣe. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, ní Ẹdẹ tí a wà yìí, báwo ló ṣe máa sọ fún arúgbó tí kò rí ojúgbà tí kò rí aládùúgbò láti ọjọ́ yìí pé kó gbọ́wọ́ sílẹ̀?

Ẹni tó ba ìwọ̀n náà jẹ́ ti wá di mímọ̀, ta ló máa wá sọ fún un? Wọ́n gbìmọ̀ títí, wọ́n fẹnu kò pé omi ni kí wọ́n di ẹ̀bi rù, torí omi kò ní ìdílé tó máa bínú.

"Bàbá," ni Roqeebah wí lórí ìkúnlẹ̀, "omi yẹn ló ṣe ségesège lọ́jọ́sí. Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ tún un wọ̀n."

Bàbá kò yíjú kúrò lára ògiri tó kọjú sí. "Omi kì í ṣe ségesège. Èèyàn ló ń ṣe é. Ta ló ṣe é?"

Roqeebah wo ilẹ̀. Teslim wo àjà. Àtinúkẹ́, tí wọ́n ti rò ó fún, bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́ tí kì í ṣe ikọ́. Bàbá yíjú padà, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀, ó gbé e sókè díẹ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Èjìká rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń mì kí ẹ̀rín tó dé ẹnu, ó sì rín in títí ó fi yọ jígí ojú.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí," ló wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀, "ẹ̀yin ì bá fi ọ̀wọ̀ sé mi mọ́lé títí tí n óò fi kú."

"Ẹ forí jì wá, Bàbá." Teslim ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde. Ọ̀wọ̀ dáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń ba ọ̀rọ̀ ara mi jẹ́, ẹ fi ọ̀wọ̀ náà sọ ọ́ fún mi. Ó yá, ẹ gbé rọ́bà yín wá."

Teslim kan ìṣó mọ́ férémù ilẹ̀kùn, ó so ẹnu rọ́bà mọ́ ọn lójú àmì, bàbá sì jókòó tì í, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo fún ẹni tó bá fẹ́ kí i. Roqeebah lọ sókè. Ó dúró títí omi fi dákẹ́, ó fàlà, ó wọ̀n ọ́n, ó yọ gíga àmì kúrò nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó kù kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ. Ó tún un wọ̀n kó lè dá a lójú, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀ láìtẹ́ nǹkan kan.

"Bàbá," ló ké láti òkè, "ó pàdé."

Àwòrán kejì kò gbà á lákòókò. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ fàráńdà lọ gbọọrọ, ojú ilẹ̀ gòkè wá bá a, ìwọ̀nba ibi tó kù kò gbà ju sìmẹ́ńtì díẹ̀ tí wọ́n á tẹ́ gẹ̀rẹ́. Bàbá tún gbé ìka lé ẹnu ọ̀nà. Ìka náà kọjá òpó, ó dé ìkángun, kò dúró. Ó bọ́ sójú ilẹ̀, ó jáde kúrò nínú pépà, ó ń lọ lórí tábìlì.

Àtinúkẹ́ ló bá ohun tí yóò kọminú sí. Ó ní ṣé gbogbo àlejò náà ni yóò máa gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé bí adìyẹ ni? Roqeebah fi hàn án pé òun kò yọ àtẹ̀gùn àtijọ́ kúrò níwájú.

"Kí àwọn tí eékún wọn le máa gun ún," ni bàbá wí. "Kò ní pa wọ́n."

Teslim kọ́ ọ tán kí àwẹ̀ tó wọlé. Lẹ́yìn ọdún Ìtúnu, Roqeebah ní oníbàárà kan tó gbé àwòrán ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti Awo wá, tó ń bá a jiyàn pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kì í ṣe nǹkan kan. Roqeebah ní kí òun lọ ya fọ́tò fàráńdà Bàbá Àtàndá fi hàn án, kí bàbá jókòó síbẹ̀, kí fọ́tò náà lè kún. Ọjọ́ Àlàmísì ni, oòrùn ti ń rọlẹ̀. Láti òdìkejì ọ̀nà ló ti rí àga tí wọ́n gbé síbẹ̀ fún bàbá, tìmùtìmù wà lórí rẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Àyà rẹ̀ já. Ó sáré gba ìhà òkè wọlé, ó ń kágò. Àtinúkẹ́ jáde sí i, ó ń fi ìdí ìró nu ọwọ́.

"Àǹtí, Bàbá ńkọ́?"

"Bàbá ò sí nílé," ni Àtinúkẹ́ wí.

Ó sọ ọ́ bí èèyàn ṣe máa ń sọ ọ́ fún àlejò, ó sì ti ń yíjú padà sínú ilé kó tó gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀. Ó dúró. Ó gbé ọwọ́ lé òpó.

"Roqeebah, o gbọ́ ohun tí mo wí? Bàbá ò sí nílé."

"Níbo ni wọ́n lọ?"

"Ta ló mọ̀? Wọ́n ti jáde láti àárọ̀, wọn ò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ wọn ti tutù." Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń nu ojú. "Àga yẹn tí o ń wò, wọn ò tíì jókòó sí i tó bí a ti rò. Ṣé wọ́n ń dúró ni?"

Roqeebah fi fóònù sápò. Àwọn méjèèjì jókòó sórí fàráńdà, wọ́n ń wo òkè, wọ́n ń wo ìsàlẹ̀, torí kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà tí bàbá máa gbà dé.